Wolé-wolé Kò Dé Wáàfù

Bí òjò oṣù kẹfà bá ti rọ̀, tí kànáàlì kún, tí omi dúdú wọlé bá wa nínú yàrá, a ti mọ ohun tí rédíò máa sọ. Wọ́n á ní àwọn ará Ajégúnlẹ̀ ló ń da ilẹ̀ sí gọ́tà. Wọ́n á ní ọ̀bùn ni wá. Bí àrùn onígbáméjì bá tún bẹ́ sílẹ̀, wọ́n á gbé ìwé aláwòrán wá, èyí tí wọ́n ya ọwọ́ àti ọṣẹ sí, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á sì wọ jíìpù padà sí Ìkẹjà. Ó pẹ́ tí a ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Ó tó gẹ́ẹ́.

Àwa tí à ń gbé Ajégúnlẹ̀, Amúkòkò, Olódì Àpápá títí dé etí omi ní Tolú, a ní ẹ̀sùn tiwa náà. Ohun tí à ń sọ ni pé èyí tó pọ̀ jù nínú ìdọ̀tí tó ń pa wá kì í ṣe tiwa. Ó ní ẹni tó ni ín. Ojú omi ló gbà wọlé, orí tírélà ló wà tó fi kọjá níwájú ilé wa, àwọn tó sì ń jẹ èrè rẹ̀ kò sùn ládùúgbò yìí rí. Wolé-wolé tó ti ń yọjú sínú ìkòkò omi wa láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kò tíì dé wáàfù.

Ẹ wo orúkọ àdúgbò yìí ná. Ajé gúnlẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi ló máa ń gúnlẹ̀. Ajé sì ń gúnlẹ̀ lóòótọ́, lójoojúmọ́, àmọ́ èbúté Àpápá àti Tin Can ló ń gúnlẹ̀ sí. Orúkọ nìkan ló kù sọ́dọ̀ wa. Láti Boundary, béèyàn bá fẹsẹ̀ rìn, kò ní pẹ́ tó fi máa dé ibi tí ilé olódi ti bẹ̀rẹ̀ ní Àpápá, níbi tí igi ti pọ̀ tí títì sì fẹ̀. Ìkànìyàn 2006 sọ pé àwa tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ajérọ̀mí-Ìfẹ́lódùn lé ní 680,000. Ìjọba Èkó tó ka tirẹ̀ lọ́tọ̀ lọ́dún yẹn kan náà ní a lé ní mílíọ̀nù kan àti 400,000. Èyí tó wù kí ẹ gbà nínú méjèèjì, orí ilẹ̀ tí kò ju nǹkan bíi kìlómítà onígun mẹ́rin 14 lọ ni gbogbo wa há mọ́. Ní Àpápá, tí ilẹ̀ tiẹ̀ fẹ̀ ju tiwa lọ dáadáa, nǹkan bíi 217,000 ni ìjọba àpapọ̀ kà. Bí ẹ bá wá rí gọ́tà méjì, tí ọ̀kan mọ́ tí èkejì dí, ẹ kọ́kọ́ bi wá léèrè iye ẹni tó ń lò ó kí ẹ tó bi wá léèrè ìwà wa.

Ilẹ̀ Àpápá náà ní ìtàn tó yẹ kí ọmọ Èkó mọ̀. Ní 1913, ìjọba òyìnbó gba ilẹ̀ níbẹ̀ lọ́wọ́ ẹbí Olúwa, wọ́n ní nítorí àǹfààní gbogbo ìlú ni. Nígbà tí ọ̀rọ̀ owó ilẹ̀ délẹ̀, ilé ẹjọ́ wọn l'Ékòó ní Olóyè Àmọ́dù Tìjání, tó jẹ́ Olúwa nígbà náà, kò ni ilẹ̀ yẹn, pé àṣẹ lásán ló ní lórí rẹ̀. Olóyè kò gbà. Ó wọkọ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1920, Herbert Macaulay bá a lọ, nígbà tó sì di 1921, ìgbìmọ̀ Privy Council dá a láre. £22,500 ni owó tí wọ́n san fún un níkẹyìn. A kò sọ ìtàn yìí láti fi tọrọ owó. Gbólóhùn yẹn ló mú wa sọ ọ́: "àǹfààní gbogbo ìlú". Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n ti ń fi gbólóhùn yẹn kọ́ èbúté tí wọ́n sì fi ń fẹ̀ ẹ́. Òun ni wọ́n fi ń kó sìmẹ́ńtì wá ní 1975 débi tí ọkọ̀ òkun fi tò rẹrẹ lójú omi tí wọn ò ríbi já ẹrù sí. Òun náà ni wọ́n fi kọ́ Tin Can ní 1977. Gbogbo ìlú ló ni èrè. Èéfín ńkọ́? Àdúgbò kan ló ni ín.

Ọ̀rọ̀ wolé-wolé náà kò ṣẹ̀yìn èbúté. Ní 1924, àrùn eku wọ Èkó. Àrùn tó ń bá ọkọ̀ òkun kiri àgbáyé ni, láti èbúté dé èbúté. Ilé ta ni wọ́n wá wó nítorí rẹ̀? Ilé tálákà ni. Ní 1928 wọ́n dá àjọ LEDB sílẹ̀ pé kó tún Èkó ṣe, wolé-wolé sì di ẹni tí gbogbo ìyá ń sá fún. Àwọn àgbà tó mọ̀ wọ́n á rántí ṣòkòtò káákì àti ìwé tó máa ń wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n á ṣí ìkòkò wò bóyá tanwíjí wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá rí i, ó di ilé ẹjọ́. A ò ní iṣẹ́ wọn ò dáa. Ẹ̀fọn ń pani. Ìbéèrè wa ni pé kí ló dé tó fi jẹ́ pé inú ìkòkò nìkan ni ojú wọn mọ? Nígbà tó tún di 1984, àwọn sójà sọ ìmọ́tótó di ogun. Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ jáde títí aago mẹ́wàá àárọ̀. Ó bá wa lọ bẹ́ẹ̀ títí ilé ẹjọ́ fi ní kò bófin mu, tí ìjọba Èkó fi dá a dúró ní 2016. Ṣé a ò gbá gọ́tà ní gbogbo ọdún yẹn ni? A gbá a. Òkìtì tí a kó jáde ló dúró sí etí gọ́tà títí òjò fi gbá a padà sínú rẹ̀, torí ọkọ̀ tó yẹ kó wá kó o kò wá.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ èéfín, torí òun ni kò ṣeé fi ìgbálẹ̀ gbá.

Láti 2006 tí ìjọba àpapọ̀ ti fi ibùdó ìjáẹrù ní èbúté lé àwọn aládàáni lọ́wọ́, ẹrù ń pọ̀ sí i, àmọ́ ibi tí tírélà máa dúró sí kò pọ̀ bí ẹrù ṣe pọ̀. Títì ló di ibùdókọ̀. Tírélà àti táńkà tò láti Tin Can dé Mile 2, wọ́n tò sórí afárá, wọ́n yà wọ àdúgbò, wọ́n sun ojú títì fún ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn awakọ̀ àti ọmọ ọkọ̀ ń sùn lábẹ́ ọkọ̀, wọ́n ń wẹ̀ létí gọ́tà, wọ́n ń ṣe ìgbọ̀nsẹ̀ sínú láílọ́ọ̀nù, nítorí kò sẹ́ni tó rò ó pé ẹni tó bá tò lórí ìlà fún ọ̀sẹ̀ méjì yóò wá ibi ìyàgbẹ́. A ò bá wọn jà; ọmọ èèyàn bíi tiwa ni wọ́n, ìyà kan náà ló ń jẹ wá. Ṣùgbọ́n láílọ́ọ̀nù yẹn, inú gọ́tà wa ló ń sùn. Nígbà tí omi bá wá kún, ta ni rédíò ń bú?

Ní oṣù kẹrin 2019, àṣẹ wá láti ọ̀dọ̀ Ààrẹ pé kí tírélà kúrò lójú títì láàárín wákàtí 72. Ní oṣù kejì 2021, àjọ NPA tó ń darí èbúté gbé ìlànà orí ẹ̀rọ kan jáde tó ń pe tírélà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì sọ ọ́ ní Ètò. (Orúkọ Yorùbá gidi. A gbóṣùbà fún wọn lórí ìyẹn.) Ìlà náà dín kù, a ò ní purọ́. Ohun tí ọkọ̀ ń jó kò yí padà.

Dísẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń jó, imí ọjọ́ sì wà nínú dísẹ́ẹ̀lì, imí ọjọ́ kan náà tí Bíbélì sọ pé ó rọ̀ lé Sódómù lórí. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, òfin kò gbà kó ju ìwọ̀n 10 nínú mílíọ̀nù kan lọ. Ní Nàìjíríà, 3,000 ni òfin gbà nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí délẹ̀ ní 2016. Lóṣù kejìlá ọdún yẹn, Nàìjíríà, Bẹ̀nẹ̀, Tógò, Gánà àti Ivory Coast ṣèlérí pé àwọn ò ní gba irú epo bẹ́ẹ̀ mọ́, pé ìwọ̀n 50 làwọn máa gbà. Nàìjíríà dá oṣù keje 2017. Oṣù keje 2017 dé, ó kọjá, a ò rí ìyàtọ̀. Ìlérí dà bí ọkọ̀ tó yọ lókèèrè tí kò gúnlẹ̀. Àwọn àgbá epo ńláńlá tí epo tó ń tòkè òkun bọ̀ máa ń kọ́kọ́ sùn sí, Àpápá, Ìjọra àti Kìríkìrì ni wọ́n wà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí imí ọjọ́ ṣe ń rùn, kó wá dúró sí Boundary ní aago méje àárọ̀.

Ní 2020, Báńkì Àgbáyé gbé ìwádìí kan jáde lórí afẹ́fẹ́ Èkó. Wọ́n fojú bù ú pé lọ́dún 2018 nìkan, afẹ́fẹ́ ẹlẹ́gbin pa tó èèyàn 11,200 ṣáájú ọjọ́ wọn ní ìpínlẹ̀ yìí, àti pé nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún wọn jẹ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Eruku kíkúnná tó ń wọ ẹ̀dọ̀fóró lọ jẹ́ máíkírógíráàmù 68 nínú mítà afẹ́fẹ́ kan, nígbà tó jẹ́ pé 10 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kó má kọjá nígbà yẹn. Wọ́n ti wá sọ ọ́ di 5 báyìí. Ọkọ̀, ilé iṣẹ́ àti jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n dárúkọ pé ó fà á. Àwọn tó ṣe ìwádìí náà ka owó tó bá a lọ pẹ̀lú: bílíọ̀nù 2.1 dọ́là.

Ẹ fara balẹ̀ ronú lórí iye ọmọ yẹn. Kò sí ìwé ikú kankan tí wọ́n máa kọ "èéfín" sí. Òtútù àyà ni wọ́n máa kọ. Ìyá ọmọ á délé, àwọn àgbà obìnrin á ní, "Ìyá Ṣadé, ṣé a ò sọ fún ọ pé kó o má fi omi tútù wẹ ọmọ yẹn?" Ó di ẹ̀bi ìyá. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn: àìsàn tó gba wáàfù wọlé, ẹ̀yìn ìyá kan ní yàrá kan ṣoṣo ló ń parí sí. Àwọn tó ní kí ìyá yẹn fọwọ́ kí ó tó fọ́mọ lóúnjẹ kò ní kí ẹnikẹ́ni fọ afẹ́fẹ́.

Ó tó báyẹn lórí èéfín. Ẹ jẹ́ ká wo inú kọ̀nténà. Ní 2015 àti 2016, àwọn olùwádìí láti Yunifásítì Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé àti ibùdó Basel tó wà ní Ìbàdàn dúró sí èbúté méjèèjì, wọ́n ń ka ohun tó ń wọlé. Wọ́n rí i pé èlò oníná àlòkù tó ń gba Èkó wọ Nàìjíríà lọ́dún kan wà láàárín tọ́ọ̀nù 60,000 sí 71,000. Tẹlifíṣọ̀n, fíríìjì, kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ amúlétutù ló wà níbẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù, inú ọkọ̀ tòkunbọ̀ ni wọ́n há a sí, bí ẹni ń ki ẹ̀pà sínú ìgò. Ilẹ̀ Yúróòpù ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti wá. Nígbà tí wọ́n dán an wò, ó kéré tán, 19 nínú ọgọ́rùn-ún ni kò ṣiṣẹ́. Ó ti kú kó tó wọkọ̀. Wọ́n kó òkú wá bá wa, wọ́n ní ká bá wọn sin ín, wọ́n sì gba owó lọ́wọ́ wa lórí rẹ̀.

Ibi ìsìnkú náà kò jìnnà. Ọjà Alábà wà nítòsí, ààtàn sì pọ̀. Ọmọkùnrin tí kò tíì tọ́ irùngbọ̀n fá ló ń dáná sun wáyà kó lè rí bàbà inú rẹ̀ tà. Òjé wà nínú gíláàsì tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ onígbèrí ńlá yẹn, òjé sì wà nínú bátìrì ọkọ̀. Bí òjé bá wọ ara ọmọdé, ọpọlọ ló ń bà jẹ́, ohun tó bá sì bà jẹ́ níbẹ̀ kì í ṣeé tún ṣe. Òjò á wá gbá eérú wáyà yẹn lọ sínú kòtò, omi kòtò á lọ sínú ọ̀sà, ẹja wà nínú ọ̀sà, a sì ń jẹ ẹja. Lójú ọ̀nà Badagry, àwọn tó ń gbin ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ àti ewédú tí à ń rà, ẹ wo ibi tí wọ́n ti ń pọn omi tí wọ́n fi ń bomi rin ín. A ò lè bá wọn wí. Ta ló fún wọn lómi mìíràn?

Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún wa pé apá Nàìjíríà ò ká a. Ní 1988, nígbà tí àṣírí tú pé àwọn oníṣòwò láti Ítálì ti kó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 3,880 májèlé dà sí ìlú Koko, níbi tó di ìpínlẹ̀ Delta lónìí, ìjọba ológun ìgbà náà pariwo títí gbogbo ayé fi gbọ́. Wọ́n pe aṣojú wọn padà láti Ítálì. Wọ́n ní kí Ítálì wá kó ẹrù ẹ̀, Ítálì sì wá kó o. Lọ́dún yẹn kan náà ni wọ́n ṣe òfin tó sọ kíkó májèlé wọ̀lú di ẹ̀wọ̀n gbére, tí wọ́n sì dá àjọ FEPA sílẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ni àwọn orílẹ̀-èdè fẹnu kò lórí àdéhùn Basel. Nítorí náà òfin wà. Ọ̀tọ̀ ni pé májèlé Koko wà nínú àgbá, ojú tí wọ́n fi wò ó, májèlé ni. Ti Àpápá wà nínú fíríìjì, ọjà ni wọ́n ń pè é.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dun wá jù nìyí. Wáàfù tiwa ni wolé-wolé ò dé o. Wáàfù tiwọn ní wolé-wolé, ojú rẹ̀ sì mú. Ní oṣù kẹfà 2015, Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Yúróòpù fòfin de ẹ̀wà gbígbẹ tó bá ti Nàìjíríà wá. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n rí dichlorvos nínú rẹ̀, oògùn apakòkòrò olómi tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ sí Sniper lọ́jà. Ìwọ̀n tí òfin wọn gbà ni mílígíráàmù 0.01 nínú kìlógíráàmù ẹ̀wà kan. Èyí tí wọ́n rí bẹ̀rẹ̀ láti 0.03 títí dé 4.6. Wọ́n kọ́kọ́ ní ọdún kan. Nígbà tó di 2016 wọ́n fi ọdún mẹ́ta kún un. Wọn ò lẹ ìwé aláwòrán mọ́ ògiri ẹnikẹ́ni. Wọ́n ti ilẹ̀kùn ni.

A kò bá wọn jà lórí ìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ràn ọmọ rẹ̀ ló ń yẹ oúnjẹ wò. Ìbéèrè tiwa ni pé ẹ̀wà tí Lọ́ńdọ̀nù ò jẹ, níbo ló lọ? Wọn ò dà á sí òkun. Ó wá sí ọjà Boundary, ó di àkàrà, ó di mọ́ínmọ́ín, ó di ẹ̀wà àgànyìn tí àwa ń fi búrẹ́dì gbígbóná jẹ láàárọ̀. Àjọ NAFDAC fòfin de títa ìgò dichlorvos kékeré ní 2019, ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló ń yẹ ẹ̀wà wò ní Boundary bí wọ́n ṣe yẹ̀ ẹ́ wò ní Yúróòpù?

Kí ẹ má sì yíjú sí àgbẹ̀. Àgbẹ̀ tó kórè ẹ̀wà ní òkè Ọya, tí kò ní ibi ìtọ́jú, tó ń wo bí kòkòrò ṣe ń lu ẹ̀wà rẹ̀ lójú láàárín oṣù mẹ́ta, kí lẹ fẹ́ kó ṣe? Àpò kan wà, àpò onípele mẹ́ta tí afẹ́fẹ́ kì í wọ̀. Béèyàn bá di ẹ̀wà mọ́ inú rẹ̀ dáadáa, kòkòrò tó wà níbẹ̀ á kú fúnra rẹ̀, láìsí oògùn kankan. Apá Áfíríkà tiwa yìí ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, ní Kamẹrúùnù, láti ìparí àwọn ọdún 1980, wọ́n sì ti ń pín in ní Nàìjíríà ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá. Kì í ṣe ohun àràmàǹdà. Èyí tí ìjọba ná sórí ayẹyẹ kan ṣoṣo ì bá ra púpọ̀ nínú rẹ̀.

Ẹ sì mọ ayẹyẹ tí à ń sọ. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà 2017, mínísítà ọ̀rọ̀ àgbẹ̀, Audu Ogbeh, wá sí Àpápá níbí, ó ṣí ìkójáde iṣu sí òkè òkun. Tọ́ọ̀nù 72 ni wọ́n ní ó jẹ́. Wọ́n ní epo rọ̀bì ti di àná, iṣu ló kù. Kò pẹ́ tí ìròyìn fi dé pé iṣu tó dé Amẹ́ríkà ti jẹrà, mínísítà sì ní àwọn máa wádìí ohun tó fà á. Ìwádìí wo? Ẹni tó bá ń gbé ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà Mile 2 ì bá ti sọ ọ́ fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Kòkó ti ń jóòórùn lójú wa nínú tírélà tó tò fún ọ̀sẹ̀ méjì. A ti rí kajú, a ti rí atalẹ̀, tí òjò ń rọ̀ lé wọn lórí. Ọ̀nà tí wọ́n là kí fíríìjì tó ti kú lè yára wọlé, òun náà ni iṣu tó wà láàyè ń jẹrà sí. Àgbẹ̀ pàdánù, àwa sì fa èéfín tírélà tó gbé àdánù náà.

Ọ̀rọ̀ omi kò gùn, torí omi ò sí. Láti àwọn ọdún 1910 ni Ìjù ti ń fún Èkó lómi ẹ̀rọ, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ilé l'Ájégúnlẹ̀ kò mọ bí omi ẹ̀rọ ìjọba ṣe ń dún nínú páìpù. Mẹ́ruwà ló ń tì í wá nínú kẹ́ẹ̀gì, tàbí ká fa èyí tó níyọ̀ nínú kànga ẹ̀rọ tí ṣáláńgá kò jìnnà sí, tàbí ká ra píọ̀ wọ́tà. Láílọ́ọ̀nù píọ̀ wọ́tà yẹn ni wọ́n wá ń tọ́ka sí nínú kànáàlì pé, ẹ wo ọ̀bùn! Ẹni tí wọn ò fún ní páìpù, ṣé kó fi ọwọ́ bu omi ni? Nígbà tí onígbáméjì tún bẹ́ sílẹ̀ l'Ékòó ní oṣù kẹfà 2024, wọ́n ní ká sè omi ká tó mu ún. Wọn ò sọ iye tí gáàsì jẹ́. Lóṣù kìíní ọdún yẹn, wọ́n ti fòfin de ike fúnfun tí ìyá olóńjẹ fi ń di ìrẹsì. A fara mọ́ ọn. Ike yẹn burú. Àmọ́ ẹ wo bí òfin ṣe yára mú ìyá olóńjẹ. Òfin imí ọjọ́ kò yára mú ẹnikẹ́ni bẹ́ẹ̀.

A mọ̀ pé àwọn kan á ní ọ̀bùn ríkú ọkọ tìrànmọ́ ni wá, pé ọjọ́ tí wáàfù ti dé la ò ti gbálẹ̀ mọ́. Àwọn kan wà láàárín wa lóòótọ́ tí wọ́n ń da ilẹ̀ sí kànáàlì lóru. A mọ̀ wọ́n, à ń bú wọn, àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò mìíràn tiẹ̀ ń ṣọ́ wọn. Ẹ dá wọn lẹ́jọ́ tó bá tọ́ sí wọn. Ṣùgbọ́n èyí tó ń tìràn mọ́ nǹkan jù ni ìjọba tó ń tìràn mọ́ ìwà wa kó má bàa ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Nígbà tí Samson Siasia àti Odion Ighalo gbá bọ́ọ̀lù wọ àwọ̀n, kò sẹ́ni tó ní ọmọ Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n. Ọmọ Nàìjíríà ni wọ́n pè wọ́n. Ìdọ̀tí nìkan ló ní àdúgbò.

Owó wà. Ilé iṣẹ́ aṣọ́bodè tó wà ní Àpápá nìkan pa owó tó lé ní tírílíọ̀nù méjì náírà wọlé ní 2024. Abùjá ló gbé e lọ. Ìjọba Èkó náà ní òfin tirẹ̀ láti 2009, tó ń gba owó lórí ẹrù tó bá gúnlẹ̀ sí èbúté, Wharf Landing Fee ni wọ́n ń pè é. Kí wọ́n sọ èló nínú rẹ̀ ló ti kan gọ́tà Ajégúnlẹ̀ láti ọjọ́ yẹn wá. Iye owó, orúkọ títì, ọdún tí wọ́n ṣe é. Bí wọ́n bá ti kọ ọ́ sílẹ̀, a mọ ìwé kà.

Lẹ́yìn ìyẹn, kí wọ́n rán wolé-wolé lọ sí wáàfù. Kí wọ́n máa ki wáyà fíríìjì àti tẹlifíṣọ̀n bọ iná kí kọ̀nténà tó jáde. Èyí tí kò bá tàn, kí ọkọ̀ tó gbé e wá gbé e padà bí ti Koko. Kí wọ́n máa wọn imí ọjọ́ inú epo kó tó wọ àgbá, kí wọ́n sì kọ iye rẹ̀ síta. Kí ẹ̀rọ tó ń yẹ oògùn wò nínú ẹ̀wà wà ní ọjà Boundary, kì í ṣe ní Yúróòpù nìkan. Bí wọ́n bá sì ní ẹ̀rọ tó ń wọn èéfín wọ́n jù láti gbé sí àdúgbò wa, kí wọ́n kọ́kọ́ ra ẹyọ kan péré, kí wọ́n gbé e sí iwájú ọ́fíìsì aṣọ́bodè ní Àpápá fún oṣù mẹ́fà, kí rédíò tó ń bú wa yẹn máa ka iye rẹ̀ láràárọ̀, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ka iye tí dọ́là jẹ́.